Ọ̀pọ̀tọ́ Tí Láṣèbíkan Bó Yíká

Ẹni tó bó ọ̀pọ̀tọ́ yíká, ewé ló pa. Àwọn àgbà a máa sọ ọ́, àwọn ọmọdé a sì máa fi ṣeré lójúde láìmọ ohun tó gbé e wáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ńkọ́, ṣé ẹ mọ ìdí òwe náà? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi gbe orin inú rẹ̀ bí a bá débẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fa àpótí sún mọ́ ibí, kí ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú omijé ló kọ́kọ́ gbà wá.

Ìlú kékeré kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọsàn. Orí àpáta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, igi tó lè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilẹ̀ wọn, ó wà níbi tí oko ti bẹ̀rẹ̀, ó tóbi, ó sì ní ìbòòji. Òmíràn tó sún mọ́ wọn jù wà ní Ìlóro, ẹni tó bá jí lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó dé.

Ọ̀pọ̀tọ́ yìí, ẹ má wò ó bí igi lásán. Ewé rẹ̀ wà fún ẹ̀jẹ̀. Bí aboyún bá wà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun, ewé yìí ni wọ́n á máa sè lọ́bẹ̀ fún un títí ojú rẹ̀ yóò fi dán. Èèpo rẹ̀ wà fún ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, kíkorò rẹ̀ ló ń ki inú mọ́lẹ̀. Èso rẹ̀ tó ń so ṣùùṣùù mọ́ ara igi bí ìlẹ̀kẹ̀ wà fún ìyá ọlọ́mọ tí omi ọmú rẹ̀ kò tó. Oje rẹ̀ tó funfun bí wàrà wà fún làpálàpá. Gbòǹgbò rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín, n kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti gbé e lọ sọ́run.

Ẹni tó ń tọ́jú igi náà ni Ẹfúnṣẹ̀yẹ, agbẹ̀bí ìlú, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò lè ṣe ohunkóhun láìkọrin sí i. Òun nìkan ló ń bó èèpo, ó sì ní bó ṣe ń bó o. Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ àti apá ibi tó ń wọ̀ sí nìkan ni ọ̀bẹ rẹ̀ ń kàn. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló ń gbà ní apá kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Bó bá bó o tán, á po amọ̀ tútù, á fi lẹ ojú ọgbẹ́ náà, á sì fi í sílẹ̀ kó jinná. Apá méjì tó kù, wọn kì í kàn án láéláé. Orin tó ń kọ sí i nìyí:

Ọ̀pọ̀tọ́, ta mí lọ́rẹ aṣọ o,
n ò ní bọ́ ọ sí ìhòòhò.
Etí aṣọ ni kí o fún mi,
kí o fi ìyókù bora.

Ní òjò ọdún kan, ìgbẹ́ ọ̀rìn wọ Òkè-Ọsàn. Kò sí ilé tí kò yà. Ẹfúnṣẹ̀yẹ gé èèpo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó pín in kárí ilé. Èyí tó kan ilé Láṣèbíkan tó sè lẹ́ẹ̀mẹta. Láṣèbíkan yìí, àgbẹ̀ ni, ó tún mọ apẹ̀rẹ̀ hun, ọkùnrin tó lágbára tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ló ń bá àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ ilé. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Àkànjí, ọmọ ọdún mẹ́rin, òun ló sì dùbúlẹ̀ àìsàn náà. Èèpo tán ní ọjọ́ kẹta. Láṣèbíkan sáré lọ bá Ẹfúnṣẹ̀yẹ pé kó tún bó sí i. Màmá náà ní ojú ọgbẹ́ méjèèjì ṣì tútù, bí òun bá tún fọ̀bẹ kàn án, igi á lọ. Ó fún un ní omi ìrẹsì àti iyọ̀ pé kó máa fún ọmọ mu, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ó jókòó ti ọmọ náà ní gbogbo òru. Àkànjí kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti jókòó sí ọkàn Láṣèbíkan. Kò bá Ẹfúnṣẹ̀yẹ jà, kò sì bú u. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá gba ìdí ọ̀pọ̀tọ́ kọjá, á gbójú sókè wo bí èèpo ṣe bo igi náà láti ìsàlẹ̀ dókè, á sì rántí pé wọ́n ní kò sí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Àrìnpé ti lóyún oṣù márùn-ún. Inú gbogbo ẹbí dùn. Inú Láṣèbíkan dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ń ro òjò tó ń bọ̀, ó ń ro ọmọ tuntun nínú òjò náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru ọyẹ́ kò jẹ́ kí èèyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ àti apẹ̀rẹ̀, ó lọ sí ìdí igi.

Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló ní lọ́kàn. Ó bó o. Ó wò ó nínú apẹ̀rẹ̀, ó kéré lójú rẹ̀. Ó bó òmíràn tì í. Ọ̀bẹ ń lọ, ọkàn rẹ̀ ń sọ pé díẹ̀ sí i, nítorí òjò lè pẹ́ lọ́dún yìí. Ó yí sí apá kejì igi. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ewé ni Àrìnpé nílò báyìí, òun kò sì fọwọ́ kan ewé. Ewé wà lókè, èèpo wà nísàlẹ̀, oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀; kí ló wá kan ewé nínú ọ̀rọ̀ èèpo? Kó tó mọ̀, ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló tún padà dé. Igi náà dúró, ó wọ ìgbànú funfun kan tó fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Láṣèbíkan rọra po amọ̀, ó fi lẹ gbogbo rẹ̀ yíká, ó bo apẹ̀rẹ̀ lójú, ó sì gbé e pamọ́ sínú àká.

Oṣù kan kọjá, kò sí nǹkan; eruku ọyẹ́ bo amọ̀ àti èèpo pọ̀, kò sẹ́ni tó fura. Láṣèbíkan mí kanlẹ̀. Ewé tútù, Ẹfúnṣẹ̀yẹ ń já a fún Àrìnpé, ó ń kọrin sí i. Nígbà tó di oṣù kejì, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àwọn ará ìlú ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ewé kò dúró. Wọ́n ń já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wá ń já bọ́ ní ìṣù ìṣù, títí ẹ̀ka fi kù lásán bí ìka ọwọ́ arúgbó.

Ẹfúnṣẹ̀yẹ lọ sí ìdí igi tòun ti ọkọ́. Ó fi ẹnu ọkọ́ ha amọ̀ apá ìlà oòrùn, ó rí ọgbẹ́. Ó ha apá ìwọ̀ oòrùn, ó rí ọgbẹ́. Ó wá ha apá tí wọn kì í kàn, igi gbígbẹ ló bá níbẹ̀. Ó ha á yíká. Èrò ti pé jọ nígbà náà, Láṣèbíkan wà láàárín wọn. Màmá náà kò ṣépè, kò sì kọrin, ẹ̀rù bà wọ́n nítorí pé kò kọrin. Ó bi wọ́n pé ta ni. Àwọn kan ní ewúrẹ́ ni. Ó ní ewúrẹ́ tó mọ amọ̀ lẹ̀, kí wọ́n mú un wá kó wá bá òun mọ ilé. Ó wá sọ̀rọ̀ kan kó tó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní ẹni yòówù kó jẹ́, Àrìnpé ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí kò sí aboyún mìíràn nílùú.

Láṣèbíkan gbọ́. Ó bá èrò tú ká lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ Àrìnpé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá dìde lórí ìjókòó, á kọ́kọ́ di ògiri mú kí ilé tó dúró fún un. Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò kú. Ó ní oyún yìí ti ra òun ní bàtà tuntun, àfi kó jẹ́ pé kò ṣeé bọ́. Láṣèbíkan rẹ́rìn-ín, ó sì lọ sẹ́yìn àká lọ sunkún.

Ó rò ó pé ara igi kan náà ni èèpo ti wá. Bí ewé kò bá sí, ó yẹ kí èèpo lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ó bu èèpo nínú apẹ̀rẹ̀, ó sè é, ó ní ìyókù èyí tí wọ́n pín fún ilé mìíràn lọ́jọ́sí ni. Àrìnpé mu ún ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó korò débi pé oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, inú rẹ̀ sì dí gbagba. Ní ọjọ́ kẹrin, Ẹfúnṣẹ̀yẹ wá wò ó. Ó fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, abẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ó gbọ́ òórùn ìkòkò tó wà lórí ààrò, ó sì pe Láṣèbíkan jáde.

“Ta ló sè èèpo fún un?”

“Èmi ni, màmá. Mo rò pé ọ̀pọ̀tọ́ náà ni.”

“Ọ̀pọ̀tọ́ náà ni. Ọwọ́ rẹ àti ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ náà ni, ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń hun apẹ̀rẹ̀?” Ó tọ́ka sínú ilé. “Bí obìnrin yìí bá gbé irú ẹ̀jẹ̀ báyìí lọ sórí ìkúnlẹ̀, n kò ní lè dá a padà fún ọ. Ó ku oṣù kan ààbọ̀. Ìlóro ni kí o lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.”

Láṣèbíkan mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Ìlóro kì í já ewé ọ̀pọ̀tọ́ wọn fún ará ìlú mìíràn àfi bó bá kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe igi tirẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ohun tó pa igi ìlú kan lè bá ẹsẹ̀ àlejò wọlé wá pa tiwọn.

Ó jí lọ lọ́jọ́ kejì. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń to irọ́ jọ, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dà á nù, ó ń ṣa òmíràn. Nígbà tó dé ìdí ọ̀pọ̀tọ́ Ìlóro, ó bá bàbá kan tó ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ń pè é ní Olúgbódi, òun ló ń tọ́jú igi náà. Ó jókòó lórí gbòǹgbò, ó ń ṣa èso. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan ń já ewé lápá kan, àwọn ọmọdé ń ṣeré yí igi ká. Láṣèbíkan dọ̀bálẹ̀, ó ní ìyàwó òun lóyún, ewé lòún wá tọrọ.

“Ará ibo ni ọ́, ọmọ mi?”

“Òkè-Ọsàn ni, bàbá.”

“Òkè-Ọsàn ní ọ̀pọ̀tọ́. Kí ló ṣe é?”

“Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, bàbá.”

Olúgbódi gbójú sókè wo ewé tirẹ̀ tó tutù minimini. “Ọ̀gbẹlẹ̀ tó mọ ọ̀nà ilé yín, tí kò mọ ọ̀nà ilé wa,” ló wí. “Bí o bá délé, bá wa kí i.”

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bóyá ọ̀gbẹlẹ̀ náà ní àna ní Òkè-Ọsàn ni. Láṣèbíkan ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó lè dìde kó máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó rí Àrìnpé lọ́kàn rẹ̀, bó ṣe ń di ògiri mú, tó ń dúró kí ilé dúró.

“Bàbá, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo bó o.”

“Apá wo lo bó?”

“Mo bó o yíká.”

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn obìnrin. Olúgbódi gbé igbá èso sílẹ̀. Láṣèbíkan wá sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ti Àkànjí, ó sọ ti èèpo tó tán ní ọjọ́ kẹta, ó sọ ti àárọ̀ ọyẹ́. Ó ní òun rò pé bí òun kò bá fọwọ́ kan ewé, ewé kò ní mọ̀.

“Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn,” ni bàbá náà wí. “Ewé ní iṣẹ́ tirẹ̀, èèpo ní iṣẹ́ tirẹ̀, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ara kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe é. Èèpo lọ̀nà tí òkè àti ìsàlẹ̀ fi ń gbúròó ara wọn. Ìwọ dí ọ̀nà, o wá ń retí àlejò.” Ó dìde, ó fi ọwọ́ oníka mẹ́fà náà nu ìdí aṣọ. “O máa gba ewé. Kí o máa wá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún títí ìyàwó rẹ yóò fi bímọ. A kò ní nà ọ́, a kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó kan ẹ̀ka, ìdí igi yìí ni wàá dúró sí, wàá sọ ohun tí o ṣe létí gbogbo ẹni tó bá wà níbí. Àwọn ọmọ tiwa náà ní ọ̀bẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ní ọjọ́ kìíní, Láṣèbíkan sọ ọ́, ó gùn, ó ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Ní ọjọ́ kejì, ó gé e kúrú díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń ta èèyàn lẹ́nu, èèyàn a máa wá bí yóò ṣe tètè tu ú dànù. Nígbà tó fi di ìgbà karùn-ún, gbogbo ìtàn náà ti súnkì sí gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó dúró ṣánṣán, ó ní, “Ẹni tó bó ọ̀pọ̀tọ́ yíká, ewé ló pa,” ó sì nawọ́ sí ẹ̀ka. Àwọn ọmọ Ìlóro ti ń retí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọdé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tútù. Wọ́n ti sọ ọ́ dorin. Ibi tí ẹ ó ti bá mi gbè é nìyí:

Láṣèbíkan, kí lo bó?
Ọ̀pọ̀tọ́ ni mo bó.
Ibo lo bó o dé o?
Mo bó o, mo bó o yíká.
Kí lo wá pa o?
Ewé ni mo pa, ewé o.

Ọ̀rọ̀ tó bá ti dorin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹṣin lọ. Ìyàwó tuntun kan láti Ìlóro ń lọ ata lẹ́yìnkùlé ilé kejì sí ti Àrìnpé, ó sì ń kọ ọ́ sí ọlọ. Àrìnpé wà lójú fèrèsé. Ọbẹ̀ ewé ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń dán, ó ti ń dìde láìdi ògiri mú. Ó gbọ́ orin náà títí dé òpin, ó ní kí ìyàwó náà tún un kọ.

Nígbà tí Láṣèbíkan gbé àwo ọbẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àrìnpé kò gbà á. Ó wò ó.

“Bàbá Àkànjí,” ló wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. “Mo gbọ́ orin kan lónìí.”

Ọkùnrin náà gbé àwo sílẹ̀.

“Nítorí ọmọ wa ni, àbí?”

Láṣèbíkan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àrìnpé sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní ọkùnrin tó lè rin ọ̀nà Ìlóro lẹ́ẹ̀mẹfà láti lọ bú ara rẹ̀ lójú àwọn ọmọdé kò lè sọ̀rọ̀ nínú ilé tirẹ̀. Irú ọkọ wo ni wọ́n fún òun yìí? Ó wá na ọwọ́. “Gbé ọbẹ̀ wá kó má tutù.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ gbé apẹ̀rẹ̀ èèpo lọ sílé Ẹfúnṣẹ̀yẹ. Láṣèbíkan sọ ọ́ fún un níwájú àwọn àgbà ìlú, kò gé e kúrú. Màmá náà gbọ́ ọ tán, ó ní òun náà kì í sùn dáadáa láti ọjọ́ tí òun ti kọ̀ láti bó èèpo yẹn, àmọ́ bí irú rẹ̀ bá tún dé lónìí, òun á tún kọ̀. Ó gba apẹ̀rẹ̀ náà, èèpo inú rẹ̀ ni wọ́n sì fi la òjò ọdún yẹn já.

Àrìnpé bímọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń wínníwínní. Ẹ̀jẹ̀ lọ lára rẹ̀ bó ṣe ń lọ lára ìyá gbogbo, ṣùgbọ́n ó ní èyí tó kù. Obìnrin ló bí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ewéjẹ́. Ọ̀pọ̀tọ́ Òkè-Ọsàn kú láti ìgbànú sókè, wọ́n gé e lulẹ̀. Ó tún yọ ẹ̀ka tuntun nídìí, tín-ín-rín bí igi ìfọyín, Láṣèbíkan sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣọgbà yí i ká. Ewéjẹ́ ti wọ ilé ọkọ kí ẹnikẹ́ni tó tún fi ọ̀bẹ kan èèpo igi náà.

Ìdí òwe náà nìyí o. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ẹ̀rù ọ̀la ń lé, tó ń kó ohun tí gbogbo ilé fara tì ní àkótán, tó ń ro pé ibi kan lòún fọwọ́ kàn, ibi yòókù á wà bó ṣe wà, wọ́n á fà á sẹ́yìn. Bí bàbá ta gbogbo ilẹ̀ oko nítorí ọmọ kan, bí ìyá fi gbogbo agbára ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí tí ara fi kọ̀, bí olórí gba gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ́ ọ, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Wọn kì í fi bú ẹni burúkú. Ẹni tó fẹ́ràn ilé rẹ̀ dénú ni wọ́n ń fi kìlọ̀ fún, nígbà tí ọ̀bẹ bá ṣì wà ní apá kan: rọra o, ẹni tó bó ọ̀pọ̀tọ́ yíká, ewé ló pa.